Ẹjọ́ Àgbá Òfìfo

Bí ènìyàn kan bá dìde ní ìpàdé, tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó jókòó kò fẹ́ gbọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi ń dá a jókòó: "Àgbá òfìfo ní í pariwo." Ẹnikẹ́ni tí a bá sọ èyí sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nìyẹn. Bí ó bá fèsì, a ó ní ó tún ń pariwo. Bí ó bá sì dákẹ́, ó ti gbà pé òun ṣófo. N kò mọ òwe mìíràn nínú èdè wa tí ó ń dá ẹjọ́ báyìí láìgbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa kan náà ni ó sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí á pe ẹjọ́ yìí padà, kí á sì gbọ́ ti àgbá fúnra rẹ̀. Kí ni àgbá? Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ariwo tí a ní ó ń pa yìí, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí ẹ̀rí?

Yorùbá kò ṣe aláìní ohun ìkó-nǹkan-sí kí àgbá tó dé. Omi wà nínú àmù, ẹmu wà nínú agbè, aró wà nínú ìkòkò, epo wà nínú orù, àgbàdo wà nínú àká. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Agbè, oko ni ó ti so. Ìkòkò, a mọ ìlú tí wọ́n ti mọ ọ́n, nígbà mìíràn a tilẹ̀ mọ ilé ìyá tí ó mọ ọ́n. Ẹni tí ó bá ra epo orù kan mọ bí orù ti tóbi tó, nítorí pé irú rẹ̀ ń bẹ nílé òun náà.

Òwò epo pupa ni ó sọ àgbá di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń pọ̀ sí i ní Ìlú Ọba, epo pupa ni àwọn oníṣòwò wọn ń wá kiri etí òkun wa: wọ́n ń fi se ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ lára kí ó má baà gbẹ. Àwọn obìnrin ni ó ń fi ìkòkò àti agbè ru epo láti oko. Ní Àgbádárìgì àti ní Èkó ni a ti ń dà á sínú àgbá. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbá náà ni kò dé ní odindi. Pátákó wọn ni a ń dì wá nínú ọkọ̀ kí wọ́n má baà gba àyè, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ àgbá kíkàn ni yóò sì tún wọn tò, tí wọn yóò fi òrùka irin dì wọ́n lára. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Kò sí ìṣó tàbí oje tí ó so pátákó kan mọ́ èkejì. Ohun olómi tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú kí igi náà wú, tí ojú àlàfo fi ń pa dé. Èyí fi hàn pé àgbá igi tí ó bá ṣófo pẹ́ yóò gbẹ, yóò là, yóò sì máa jò nígbà tí a bá tún da nǹkan sí i. Òfìfo kò bá a lára mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn.

Kí á tún ṣe àkíyèsí ohun kan níbi tí ìkòkò ti pàdé àgbá. Obìnrin tí ó ru epo wá mọ ìkòkò rẹ̀ tinú tòde, ṣùgbọ́n olówó àgbá ni ó mọ àgbá. Ìkòkò mélòó ni yóò kún àgbá kan? Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi epo wa sínú ohun tí a kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìtumọ̀ kejì tí ọ̀rọ̀ yìí ní ni ohun ìjà ńlá tí a ń yìn lójú ogun. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀ tí orúkọ kan náà fi bá méjèèjì: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó rí roboto, tí ó gùn, tí inú rẹ̀ sì ní ihò. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún àgbá ọtí àti fún ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kejì yìí da òwe wa rú pátápátá. Ní ọjọ́ 26 sí 28 oṣù Ọ̀pẹ 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà Èkó, Bloodhound àti Teazer wà lára wọn, wọ́n sì yin àgbá lu ìlú títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò, tí wọ́n sì fi Akíntóyè jọba padà. Àwọn ará Èkó gbọ́ ohùn àgbá náà, ohùn yẹn gan-an ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ: Àgìdìngbì. Àgbá tí ó dún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfìfo. Ẹ̀tù àti irin ni ó kún inú rẹ̀. Àgbá ogun tí ó ṣófo, dídákẹ́ ni í dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àgbá òfìfo nìkan ni í pariwo, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Èkó lọ́dún náà.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, pé àgbá ọtí ni òwe ń sọ, kì í ṣe àgbá ogun. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wo òwe náà fúnra rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò lè dàgbà ju àgbá lọ, àgbá sì ba ọkọ̀ òkun wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pa irú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Shakespeare fi í sẹ́nu ọmọdé kan nínú eré oníṣe rẹ̀ lórí Ọba Henry Karùn-ún, ní nǹkan bí 1599. N kò sọ pé òwe tí a yá kò dára. Yíyá ni a yá bàtà àwọ̀, a sì ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá ti ní nílé lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà yàtọ̀ gidigidi: "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní í mú wá." Ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Òwe agbọ̀n ń bá ọ̀rọ̀ wí. Ó ní kí á wọn ohun tí a sọ, kí á wò ó bóyá ó kún nǹkan. Òwe àgbá kò bá ọ̀rọ̀ wí rárá, ènìyàn ni ó ń bá wí. Kò béèrè pé kí ni ó sọ. Ó ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹni tí a bá pa òwe agbọ̀n fún lè lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò, kí ó sì padà wá. Ẹni tí a bá pè ní àgbá òfìfo kò ní ibi tí yóò padà sí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí òwe náà gbójú fò. Àgbá kì í dá dún. Bí ẹnìkan kò bá yí i, tí ẹnìkan kò bá lù ú, ibi tí ẹ bá gbé e sí ni ẹ ó bá a, òfìfo tàbí kíkún. Ariwo rẹ̀, èsì ni. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí epo dé nínú àgbá ni ó ń fi ọwọ́ kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀: níbi tí ó ti ń dún gbàǹgbà, epo ti lọ kúrò níbẹ̀, níbi tí ohùn ti kú, epo wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò epo kò ka ohùn yẹn sí ìwà burúkú. Ìròyìn ni wọ́n kà á sí, òun ni wọ́n sì fi ń rajà.

Ìmọ̀ yìí kò mọ sí ọjà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, oníṣègùn kan wà ní ilẹ̀ Austria, Leopold Auenbrugger ni orúkọ rẹ̀, tí baba rẹ̀ ní ilé èrò ní ìlú Graz. Wọ́n ní ibi tí ó ti ń wo bí a ti ń kan àgbá ọtí láti mọ ibi tí ọtí dé ni ó ti kọ́ ọgbọ́n tí ó lò fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní Vienna. Ó ń fi ìka kan àyà wọn, ó sì ń fetí sí i. Ní 1761 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Látìn. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí, títí Corvisart, oníṣègùn Napoleon, fi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní 1808. Títí di òní ni àwọn dókítà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ sì yí òwe wa po: àyà tí ó bá dún bí ohun tí ó ní ihò, ara rẹ̀ le, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó wà níbẹ̀, àyà tí ohùn rẹ̀ bá kú, àfàìmọ̀ ni kí omi má ti dé inú rẹ̀. Kíkún yẹn ni ó ń pa ènìyàn.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ju àgbá òfìfo lọ. Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí a fi ń wọn gààrí àti ẹ̀wà. A sì mọ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú, tí ẹnu kóńgò ṣì fẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀wà sì ga téńté lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ohun tí ẹni tí ó rà á ń gbé lọ sílé kò tó ohun tí ó sanwó fún. Kóńgò bẹ́ẹ̀ kún. Kì í pariwo. Bí o bá kàn án, ohùn ohun tí ó kún ni yóò dáhùn. Kò sí òwe kankan tí a fi ń dójú tì í ní ìpàdé. Nígbà tí òṣùwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ ara wọn, èènì ni a fi ń tún irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ṣe: ẹni tí ń tà á á bù díẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ó ti wọ̀n ọ́n tán, láti fi hàn pé òun mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í ṣe gbogbo òdodo. Àgbá kò ní èènì.

Àgbá tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù lọ lóde òní kò tilẹ̀ ní ara mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń wa epo rọ̀bì ní Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1859 lọ, àgbá ọtí àti àgbá yòówù tí ọwọ́ wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, kékeré ńlá. Ìjà òṣùwọ̀n pọ̀ láàrin wọn. Ní 1866 ni àwọn oníṣòwò epo ibẹ̀ fi ẹnu kò pé gálọ́ọ̀nù 42 ni kí á máa pè ní àgbá kan, èyí tí ó tó bí lítà 159. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí páìpù àti ọkọ̀ ojú omi fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbá. Epo tí a rí ní Ọlọ́ibírí ní 1956, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà sí òkè-òkun ní 1958, inú páìpù ni ó ń gbà dé inú ọkọ̀. Síbẹ̀, àgbá ni a fi ń kà á. Iye àgbá lójoojúmọ́ àti iye owó àgbá kan ni ìjọba fi ń ṣe ètò ìnáwó ọdọọdún. Àgbá ti kú, orúkọ rẹ̀ ni ó ń jọba.

Mo mọ̀ pé irú èyí kì í ṣe tuntun fún Yorùbá. Ọ̀kẹ́ jẹ́ àpò kí ó tó di iye; owó ẹyọ 20,000 tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di orúkọ òǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbé ọ̀kẹ́ owó kan fún lè tú u sílẹ̀ kí ó kà á ní márùn-ún márùn-ún níṣojú ẹni tí ó gbé e wá. Ta ni nínú wa tí ó ti tú àgbá epo rọ̀bì kan wò? Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù rẹ̀ ti kọjá ní orúkọ wa. Wọ́n kún, a kò gbọ́ ohùn wọn.

Ìlàjẹ, ọmọ Yorùbá létí òkun, wà lára àwọn tí epo yìí ń ti ọ̀dọ̀ wọn jáde. Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ 9 tí òfin ọdún 2000 kà mọ́ àwọn tí àjọ NDDC wà fún. Ní oṣù Èbìbí 1998, àwọn kan láti àdúgbò náà wọ ọkọ̀ lọ sórí ibùdó ìwapo kan tí ó wà lójú òkun, Parabe ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ epo ti ba omi àti ilẹ̀ àwọn jẹ́, wọ́n sì ń béèrè iṣẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, hẹlikópítà gbé àwọn sójà dé. Wọ́n yìnbọn, ènìyàn 2 sì kú. Ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù ní San Francisco, àwọn ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ọ níbẹ̀ sì dá ilé-iṣẹ́ epo náà láre ní 2008. Kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù yẹn ni mo fẹ́ tún dá. Ohun tí mo ń wò ni ọ̀nà tí a ń gbà gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá jókòó sí ìlú tí iná ti ń tàn. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn tí kò rí nǹkan ṣe ni wọ́n ń pariwo. Òótọ́ ni. Wọn kò rí nǹkan ṣe, wọn kò ní nǹkan lọ́wọ́, wọ́n ṣófo. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi dún. Èyí tí ó kù kí á béèrè ni èyí tí òwe náà kì í jẹ́ kí á béèrè: kí ni ó wà nínú àgbá yìí tẹ́lẹ̀, ta ni ó sì fà á gbẹ? Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àgbá igi, pé bí ó bá ṣófo pẹ́, ó ń là ni. Ẹni tí ó gbẹ́ omi inú rẹ̀ tán, tí ó tún wá ń bú u pé kò dá omi dúró, kò ṣe òdodo.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ń kígbe ni ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. A mọ àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń gun orí pèpéle lọ́dún ìdìbò, a sì mọ àwọn àgbà kan (àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára àgbá, àwọn ẹlòmíràn kì í sì í fi àmì yẹn sí ara wọn) tí wọn kò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni òwe agbọ̀n wà fún. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàrin wọn àti àgbá ni pé kò sí ẹni tí ó lù wọ́n kí wọ́n tó dún. Bí a bá rí ẹni tí ó ń pariwo, tí a sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kò rí ọwọ́ kankan tí ó gbá a, a lè máa bá tiwa lọ. Bí a bá rí ọwọ́, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tọ̀.

Ó tilẹ̀ yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu pé Yorùbá, nínú gbogbo ènìyàn, ni ó gba òwe tí ó ń bú òfìfo. Kí ni dùndún? Kí ni bàtá, kí ni gbẹ̀du? Agbẹ́gilére yóò gé igi ọmọ̀, yóò gbẹ́ inú rẹ̀ dànù, ihò tí ó ṣẹ́ kù ni a sì ń bọ awọ lójú kí ó lè máa ki ọba. Ìlù tí a bá da ẹ̀wà kún inú rẹ̀ kò lè ki ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún wá fi orúkọ ìlù pe àgbá onírin, tí àwa náà fi ń pè é ní dúrọ́ọ̀mù. Bóyá wọn kò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Àwọn kan mọ̀ ọ́n. Ní Trinidad, ní erékùṣù tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá dé, tí wọ́n sì ń bọ Ṣàngó níbẹ̀ títí di òní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dí ìlù aláwọ lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1880. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mú ọparun, wọ́n ń fi í lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n mú agolo bisikíìtì àti agolo ọ̀dà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àgbá epo onírin tí a ti tú epo inú rẹ̀ tán, onígálọ́ọ̀nù 55, èyí tí ilé-iṣẹ́ epo àti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jù sílẹ̀. Àwọn tí ó gbayì ní ìlú pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ariwo àwọn ìpáǹle, ọlọ́pàá sì ń lé wọn kiri. Ní 1951, ẹgbẹ́ akọrin wọn kan tí ń jẹ́ TASPO wọ ọkọ̀ lọ sí London, wọ́n sì lu àgbá wọn níbi àjọ̀dún ńlá tí Ìlú Ọba ṣe lọ́dún náà. Ní 1992 ni ìjọba Trinidad àti Tobago kéde rẹ̀ pé òun ni ohun èlò orin orílẹ̀-èdè náà.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn yóò fi òòlù lu ìdí àgbá wọ inú títí yóò fi jìn bí àwo, bí ẹní ń lu ìdí kóńgò. Wọn yóò sàmì sí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò wà, wọn yóò gé ara àgbá náà kúrú, wọn yóò sì fi iná sun ún. Nígbà náà ni ẹni tí ń tún ohùn ṣe yóò jókòó tì í pẹ̀lú òòlù kékeré. Yóò kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò dẹ etí sí i, yóò tún kàn án.